Ẹ́lífù inú ayé ìtàn wa: níbo ni wọ́n ti wá, kí sì ni àṣà wọn?

Akọ̀wé Akóró (Àjàṣẹ́), Ọjọ́rú, 8:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé.

Àwa mẹ́fà la máa ń pàdé ní gbogbo Sátidé ní yàrá mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí láti ṣe eré ìtàn. Èmi ni mo ń pa ìtàn náà, àwọn tó kù á máa sọ ohun tí akọni wọn fẹ́ ṣe, a ó wá ta ọmọ lúdò láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i fún un. Ayé tí mo dá sílẹ̀ fún eré náà ń jẹ́ Ayé Ìtàkùn, nítorí ìtàkùn ńláńlá ló so àwọn igbó ibẹ̀ pọ̀, téèyàn lè fi ọjọ́ méje rìn lórí wọn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀. Àwọn ẹ́lífù (elf), ẹ̀dá inú ìtàn àwọn òyìnbó, ló ń gbé orí ìtàkùn náà. Ohun tí mo kọ nípa wọn sínú kàyé mi, ìwé tí mo ń kọ eré náà sí, kò ju báyìí lọ: wọ́n ga, wọ́n lẹ́wà, etí wọn ṣóńṣó, wọ́n mọ ọfà ta, wọ́n ń lo ẹgbẹ̀rún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé, ọjọ́ ogbó kì í sì í pa wọ́n.

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n pa ẹ̀gbọ́n akọni ọ̀rẹ́ mi kan sójú ogun nínú ìtàn. Ẹ́lífù ni akọni náà. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé, "Kí la máa ń ṣe fún òkú wa?" N kò rí i sọ. Ó tún bi mí pé, "Níbo la ti wá gan-an?" N kò tún rí i sọ. A pa eré dé níbẹ̀, gbogbo wa sì lọ sùn láìmọ ibi tí wọ́n máa gbé òkú náà sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. Ọdún méjì ni mo ti ń kọ́ ayé yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mo tún ń rò ó pé kí n kúkú máa pè wọ́n ní ìwin, kí ó lè dún bí ohun tiwa.

Ìyá Ìbejì Wàǹdó (Àjàṣẹ́), Ọjọ́rú, 9:03 alẹ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n má pè wọ́n ní ìwin.

Ará Kétu ni ìyá tó bí ìyá mi, ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Kò jẹ́ kí á súfèé lóru, kò jẹ́ kí á da omi gbígbóná sílẹ̀ láìké sí ẹni tó bá wà nítòsí kí ó yà. Mo ti gbọ́ ìtàn ìwin lẹ́nu rẹ̀ ju iye tí mo lè kà lọ. Kò sí ìgbà kan tó sọ fún wa pé ìwin ní ọba tàbí pé ìwin ń fi ọmọ fọ́kọ. Egbére kúrú, ó gbé ẹní rẹ̀ dání, ó ń sunkún kiri inú igbó. Ẹni tó bá lè gba ẹní yẹn, tó sì lè fara da ẹkún rẹ̀, yóò là. Àrọ̀nì ní tiẹ̀, bí o bá rí i tí o sá, o gbé. Bí o bá dúró tí ojú rẹ kò yẹ̀, á mú ọ wọ inú igbó lọ, á kọ́ ọ ní ewé, o máa padà wálé ní oníṣègùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń pàdé wọn, lójú ọ̀nà, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọn kì í ṣe ìlú.

Àwọn tí ìwọ ń sọ yìí, ènìyàn ni wọ́n. Ẹ̀mí wọn kàn gùn ni. Wọ́n á jẹun, wọ́n á jà, wọ́n á bímọ, wọ́n á jowú. Bí o bá pè wọ́n ní ìwin, gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò máa wá ẹní tó wà lọ́wọ́ wọn, o sì ti pàdánù àwọn méjèèjì. Fún wọn ní orúkọ tiwọn.

Olùkàwé Àgbà (Àjàṣẹ́), Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́

Mo fara mọ́ ohun tí Màmá sọ. Ẹ jẹ́ kí n mú ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ́lífù ti ṣẹ̀ wá, nítorí ohun tí àbúrò wa kọ sínú kàyé rẹ̀, ti ìgbà tiwa yìí ni. Àwọn tó kọ́kọ́ ni ẹ́lífù kò mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀.

Àríwá Yúróòpù ni wọ́n ti wá: Norway, Sweden, Iceland, Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń pè wọ́n ní ælf, àwọn ará Norway àti Iceland ń pè wọ́n ní álfr. Wọ́n bọlá fún wọn débi pé wọ́n ń fi wọ́n sọ ọmọ lórúkọ. Ọba Alfred tó jẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní 899, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni "ìmọ̀ràn ẹ́lífù". Bí àwa ṣe ń sọ ọmọ ní Ifágbèmí tàbí Ògúndélé ni. Kò sí bàbá tó máa fi ohun tí kò bọ̀wọ̀ fún sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ.

Wọ́n tún ń rúbọ sí wọn. Ní nǹkan bí 1018, akéwì kan tó ń jẹ́ Sigvatr ń jẹ́ iṣẹ́ ọba Norway lọ sí Sweden. Ilẹ̀ ṣú bá a, ó kan ilẹ̀kùn ilé kan nínú oko, ìyá onílé ní kó má ṣe wọlé, pé ẹbọ ẹ́lífù làwọn ń rú lọ́wọ́. Ewì tó fi ráhùn lórí rẹ̀ ṣì wà títí dòní. Nínú ìtàn Iceland kan, obìnrin awo kan sọ fún ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ tí kò jinná pé kí ó fi ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù kun òkìtì tí ẹ́lífù ń gbé, kí ó sì fi ẹran rẹ̀ se àsè fún wọn. Ẹ kíyè sí ibẹ̀ o: inú òkìtì ni ilé wọn, kì í ṣe orí igi.

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wọn náà ni wọ́n ń bẹ̀rù wọn. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ẹ́lífù máa ń ta ènìyàn ní ọfà tí ojú kò rí, tí nǹkan á kàn ṣàdédé gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ewé ni wọ́n ń sè nínú bọ́tà fún un, wọ́n á sì pọfọ̀ sí i, kí ọfà náà lè jáde. Èmi tí mo dàgbà láàárín wa níbí, nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ọfọ̀ yẹn, ṣe ló dà bí ẹni pé mo mọ ẹni tó ń pè é.

Àbúrò, aládùúgbò ni ẹ́lífù. Aládùúgbò tó lágbára, tó lè ṣoore, tó sì lè ta ọ́ lọ́fà bí o bá ṣẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Ará Òkè (Ṣábẹ), Ọjọ́rú, 9:52 alẹ́

Etí ṣóńṣó náà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ṣé ìyẹn náà wà níbẹ̀?

Olùkàwé Àgbà (Àjàṣẹ́), Ọjọ́rú, 10:05 alẹ́

Kò sí. Ìwé kan tí wọ́n kọ ní Iceland ní nǹkan bí 1220 sọ pé àwọn ẹ́lífù ìmọ́lẹ̀ lẹ́wà ju oòrùn lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ etí nínú àwọn ìtàn àtijọ́ yẹn. Àwọn ayàwòrán ìgbà tó sún mọ́ tiwa ló fún wọn ní etí yẹn.

Ọmọ Ìdènà (Kétu), Ọjọ́bọ̀, 5:31 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Ìbéèrè òkú yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Babátúndé ni ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ́, torí bàbá tó bí bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nígbà tí wọ́n bí i. Ní ìlú tí bàbá bàbá bàbá bàbá ẹni ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń jẹ obì, ta ló máa jẹ́ Babátúndé? Kò sí. Kò sí Yétúndé. Kò sí egúngún náà, nítorí ará ọ̀run ni egúngún, ará ọ̀run wọn kò sì pọ̀ tó láti kún agbo. Mo jókòó, mo ń ka ohun tí ikú kọ́ wa láti máa ṣe: ìsìnkú àgbà pẹ̀lú ìlù àti aṣọ ẹgbẹ́, ogún pípín, oyè tó ṣí sílẹ̀ tí ìdílé mẹ́rin ń dù. Ẹ yọ ikú ọjọ́ ogbó kúrò, gbogbo rẹ̀ máa wó. Ọba tó ti wà lórí ìtẹ́ fún ẹgbẹ̀rin ọdún, kí ni Dáwódù rẹ̀ fẹ́ ṣe? Á máa wojú rẹ̀?

Nítorí náà, àbúrò, má ṣe gbé àṣà wa kalẹ̀ fún wọn bó ṣe rí. Àṣà àwọn tó ń kú ni tiwa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Àwa ní Kétu mọ ohun tí à ń sọ nípa rẹ̀, UNESCO pàápàá kéde rẹ̀ ní 2001 pé ó wà lára ohun iyebíye tí ọmọ aráyé ní. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò dúró fún òkú. Àwọn ìyá là ń fi tù nínú, àwọn ìyá tí agbára wà lọ́wọ́ wọn, títí kan àwọn tó wà láàyè, tí wọ́n jókòó sí agbo tí wọ́n ń wò wá. Ọkùnrin á múra bí obìnrin, á gbé orí igi tí wọ́n gbẹ́ dáadáa léré, á jó títí inú wọn á fi yọ́ sí ìlú. Bí èmi bá jẹ́ ẹ́lífù, irú eégún tí mo máa ní nìyẹn. N kò ní jó fún ẹni tó ti lọ. Màá jó fún ẹni tó ti pẹ́ jù, tó ṣì wà, tó lè bínú lọ́la.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n pa sójú ogun wá kù. Àwa ní òkú ọ̀fọ̀, a sì ní òkú àgbà. Bí ọmọdé bá kú, a kì í pagbo, a kì í lùlù, a kàn ń gbé e lọ ni. Ẹ́lífù kò ní òkú àgbà rárá. Gbogbo òkú wọn ni òkú ọ̀fọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé wọn kò ní orin ìsìnkú kankan. Wọ́n á dákẹ́ ni. Fún ọdún mélòó? Ìwọ tó ni ayé náà ni kí o sọ.

Akọ̀wé Akóró (Àjàṣẹ́), Ọjọ́bọ̀, 7:20 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta lórí kẹ̀kẹ́ zem (ọ̀kadà), mo kọjá ibi tí mo ń lọ.

Ogún ọdún. Wọ́n á dákẹ́ fún ogún ọdún. Ẹnikẹ́ni kò ní kọrin lórí ìtàkùn tí òkú náà ń gbé títí tí ogún ọdún á fi pé. Àwọn ènìyàn tó bá wá ta ọjà sọ́dọ̀ wọn lè dàgbà, kí wọ́n bímọ, láìgbọ́ orin ẹ́lífù rí, wọ́n á sì máa sọ fún ara wọn pé àwọn ẹ́lífù kò mọ orin kọ.

Ará Òkè (Ṣábẹ), Ọjọ́bọ̀, 12:44 ọ̀sán

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n béèrè nípa àwọn ọmọ. Mélòó ni wọ́n ń bí? Bí ẹni tó ń lo ẹgbẹ̀rún ọdún bá ń bímọ bí àwa, igbó á kún fọ́fọ́ kí ìtàn rẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní láti máa bí ẹyọ kan ní igba ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Ṣábẹ níbí, àwa àti àwọn Bàrùbá, ẹ̀yà tó múlé gbè wá, jọ ní àwọn orúkọ tó ń sọ ipò ọmọ nínú ìbí, bíi Ṣàbí àti Bíàú. Bí o bá ti gbọ́ orúkọ, o ti mọ ẹni tó ṣáájú nínú ọmọkùnrin ìyá rẹ̀. Ẹ wo bí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa wúwo tó láàárín àwọn ẹ́lífù. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ sọ pé òun ni ẹ̀kejì, á ti mọ̀ pé ìyá òun ti dúró fún igba ọdún kí òun tó dé, ẹ̀gbọ́n òun sì ti lè wà nílẹ̀ òkèèrè, kí ó tó gbọ́ pé wọ́n bí àbúrò fún un.

Báwo ni wọ́n ṣe máa pe ara wọn? Èmi ń sọ "ẹ" fún ẹni tó fi ọdún márùn-ún jù mí. Ẹni tó fi ọ̀ọ́dúnrún ọdún ju àbúrò rẹ̀ lọ, ṣé "àbúrò" ló máa pè é àbí "ọmọ mi"? Àwa ní "ìwọ" a sì ní "ẹ̀yin". Mo rò pé èdè wọn á ní ẹ̀kẹta, tó wà fún ẹni tó ti dàgbà kọjá ohun tí "ẹ̀yin" lè gbé. Fi í sínú eré rẹ. Jẹ́ kí akọni kan ṣi ọ̀rọ̀ yẹn lò níwájú àgbà, kí o wo bí gbogbo agbo á ṣe pa lọ́lọ́.

Ohun kejì ni pé, kí ló gbé wọn gorí ìtàkùn? O kọ ọ́ bí ẹni pé ẹwà ló fà á. Ẹni tó bá dé Ṣábẹ máa ń rí òkè wa láti ọ̀nà jíjìn, àwọn àlejò á máa ya fọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun ìjọba Dàhòmì ń dé, orí àwọn àpáta yẹn ni àwọn baba wa sá sí. Ènìyàn kì í fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ lásán láti lọ sùn lórí àpáta. Wádìí ohun tó lé àwọn ẹ́lífù rẹ gòkè.

Ọmọ Ìdènà (Kétu), Ọjọ́bọ̀, 2:10 ọ̀sán

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn mí níkùn. Ní 1886 ni Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Àbọ̀mẹ̀, olú ìlú wọn. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Àbọ̀mẹ̀ ni àwọn tó kù tó rọ́nà padà sílé. Àwa tí à ń gbé ibẹ̀ lónìí, a gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìyẹn náà ti gbé díẹ̀ nínú ìrora rẹ̀ kúrò, a sì lè fẹ́ ọmọ Fọ̀n, ẹ̀yà tó ni Dàhòmì, kí a jọ mu.

Ọmọbìnrin ẹ́lífù tó rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún, lónìí ọmọge ṣì ni. Ó mọ ojú ẹni tó fi okùn sí i lọ́rùn. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé ìtàn àtijọ́ ni. Mo rò pé ìdí rèé tí wọn kì í fi í bá ènìyàn dọ́rẹ̀ẹ́ kíákíá. Kì í ṣe ìgbéraga.

Àbíkẹ́ Pọ́bẹ̀ (Àjàṣẹ́), Ọjọ́bọ̀, 6:38 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin àgbà. Èmi wà lára àwọn mẹ́fà yẹn, èmi ni mo béèrè ìbéèrè òkú. Ẹ ṣé tí ẹ kò fojú kéré rẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń bí mi nínú nínú àwọn eré ẹ́lífù tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó funfun ni ẹni rere, wọ́n ń gbé nínú ìmọ́lẹ̀. Àwọn tó dúdú ń gbé abẹ́ ilẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n, apànìyàn ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo kàn pa fóònù. Ṣé láti ìpilẹ̀ ló ti rí bẹ́ẹ̀?

Olùkàwé Àgbà (Àjàṣẹ́), Ọjọ́bọ̀, 7:25 alẹ́

Àbíkẹ́, ìbéèrè rẹ tọ́, ìbínú rẹ náà sì tọ́.

Ìwé 1220 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló pín wọn sí méjì, àwọn ìmọ́lẹ̀ lókè, àwọn dúdú nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó ní wọ́n dúdú ju ọ̀dà lọ. Ṣùgbọ́n Kristẹni ni ẹni tó kọ ọ́, ó sì ti tó igba ọdún tí Iceland ti gba ẹ̀sìn Kristẹni kí ó tó kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọ̀rọ̀ áńgẹ́lì àti èṣù tó wà lórí rẹ̀ ló fi pín àwọn ẹ́lífù sí méjì, àti pé ó ṣeé ṣe kí àwọn dúdú tó ń sọ jẹ́ àwọn ràrá alágbẹ̀dẹ tó ń gbé inú àpáta nínú ìtàn wọn. Nínú àwọn ewì tó ṣáájú rẹ̀, ẹ́lífù ni ẹ́lífù. Kò sí ti rere kò sí ti búburú. Àwọn tó ń ṣe eré ìgbà tiwa ló wá mú gbólóhùn kan yẹn, tí wọ́n sọ ọ́ di àwọ̀ ara àti ìwà.

Àbíkẹ́ Pọ́bẹ̀ (Àjàṣẹ́), Ọjọ́bọ̀, 7:41 alẹ́

Ó dáa. Nínú Ayé Ìtàkùn, gbogbo wọn á dúdú, wọ́n á máa dán bí ikin tí wọ́n fi epo pa. Ẹni rere á wà nínú wọn, ẹni burúkú á wà. Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀.

Akọ̀wé Akóró (Àjàṣẹ́), Ọjọ́bọ̀, 7:44 alẹ́

Mo ti kọ ọ́. Mo sì ti fi bíìkì pa etí ṣóńṣó rẹ́.

Ó wá ku ibi tí wọ́n ti wá. Ẹ̀gbọ́n Olùkàwé, kí ni àwọn ará Iceland sọ?

Olùkàwé Àgbà (Àjàṣẹ́), Ọjọ́bọ̀, 8:30 alẹ́

Ohun tí wọ́n sọ kò dọ́gba. Ewì àtijọ́ kan sọ pé nígbà tí òrìṣà wọn Freyr hu eyín àkọ́kọ́, àwọn òrìṣà yòókù fi Álfheimr, ìlú ẹ́lífù, ta á lọ́rẹ. Àwọn ẹ́lífù ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn, kò sí ẹni tó sọ bí wọ́n ṣe débẹ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n gba Kristi ni ìtàn mìíràn jáde. Wọ́n ní Ọlọ́run wá kí Éfà nílé, Éfà sì ń wẹ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú tì í láti fi àwọn tí kò tíì wẹ̀ hàn, ó kó wọn pamọ́, ó ní kò sí ọmọ mìíràn mọ́. Ọlọ́run ní, ohun tí o fi pamọ́ fún mi, yóò pamọ́ fún ènìyàn. Àwọn ọmọ yẹn ló di àwọn ẹni ìpamọ́ tó ń gbé inú àpáta Iceland. Ìtàn yìí máa ń gún mi lọ́kàn ju àwọn tó kù lọ, nítorí kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn àwọn ọmọ náà. Títí di ìsinsìnyí ni ọ̀wọ̀ àwọn àpáta yẹn ṣì wà: ní 2013, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nítòsí Reykjavík lórí ọ̀nà tí ìjọba fẹ́ là gba ibi tí àwọn kan ní ẹ́lífù wà. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń bẹ ìrókò kí wọ́n tó fi ayùn kàn án á mọ ohun tó fà á.

Ọmọ Ìdènà, ìtàn kẹta máa yà ọ́ lẹ́nu. Ọba kan ní Norway, Ólafr ti Geirstad, lẹ́yìn tó kú tí wọ́n sin ín sínú òkìtì, wọ́n ń rúbọ sí i, wọ́n ń pè é ní Ẹ́lífù Geirstad. Ó fẹ́ jọ pé láwọn ibì kan, òkú àgbà fúnra rẹ̀ ni ẹ́lífù.

Ọmọ Ìdènà (Kétu), Ọjọ́bọ̀, 8:52 alẹ́

Ìyẹn ni pé ẹ́lífù tiwọn sún mọ́ egúngún ju bí mo ṣe rò lọ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n fún àwọn tí Akọ̀wé fún ní ẹgbẹ̀rún ọdún, n kò yí ohùn padà. Ẹni tí kì í kú kò lè di ará ọ̀run.

Akọ̀wé Akóró (Àjàṣẹ́), Ọjọ́bọ̀, 9:15 alẹ́

Òkìtì! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ìtàn ìlú wa níbí sọ pé ọdẹ mẹ́ta wá láti ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n dé ibi kan, ohun abàmì olórí mẹ́sàn-án jáde láti inú ọ̀gán. Wọ́n kò pa á. Wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n ń bọ ọ́, ojúbọ Aborí Mẹ́sàn-án sì wà ní àdúgbò Akóró títí dòní, èmi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ ra búrẹ́dì. Ẹ̀yìn wọn ni Tè Àgbánlìn dé láti Àlàdá, tó dá ìjọba Họ̀gbónù sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ yìí. Ọdẹ bá ẹnì kan nílẹ̀, Tè Àgbánlìn bá ọdẹ nílẹ̀.

Mo ti ń ro ẹ́lífù gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti ibì kan wá. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ló wá bá wọn ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Wàǹdó (Àjàṣẹ́), Ọjọ́bọ̀, 9:58 alẹ́

O ti ń sún mọ́ ọn, ọmọ mi.

Ìtàn kan wà ní Kétu tí ìyá àgbà mi fẹ́ràn. Nígbà tí Alákétu Èdè kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé abẹ́ ìrókò, tí wọ́n fẹ́ sùn, wọn kò ní iná. Wọ́n lọ tọrọ iná lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan tó ti ń gbé ìtòsí ibẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ó fún wọn. Ìyá àgbà mi á ní, ọba wá, ó gbé adé wá, ó kó ẹrú àti ìyàwó wá, ṣùgbọ́n iná tó fi dáná ọjọ́ kìíní, ọwọ́ onílẹ̀ ló ti gbà á.

Wádìí ohun tí àwọn ènìyàn rẹ gbà lọ́wọ́ ẹ́lífù ní ọjọ́ kìíní. Tún wádìí ohun tí wọ́n ṣèlérí láti fi san án, bóyá wọ́n sì san án.

Akọ̀wé Akóró (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ẹtì, 11:36 alẹ́

N kò tíì sùn láti àná. Ohun tí mo kọ rèé, èyí tí màá kà fún wọn lọ́la. Ọmọ Ìtàkùn ni orúkọ wọn báyìí.

"Nígbà tí àwọn ènìyàn dé, ebi ń pa wọ́n, òjò sì ti pa gbogbo iná wọn. Wọ́n bá obìnrin kan lẹ́nu òkìtì ọ̀gán, ó ń yáná. Wọ́n tọrọ iná, ó fún wọn. Ó ní, ẹ lè dáko dé ibi tí èéfín iná yìí bá dé, ẹ má ṣe kọjá ibẹ̀. Wọ́n búra. Ní ọdún kẹta, atẹ́gùn gbé èéfín náà lọ jìnnà, àwọn ènìyàn tẹ̀lé e, wọ́n ń gé igbó lọ. Àwọn Ọmọ Ìtàkùn kò fẹ́ jà, torí wọn kò tó nǹkan, ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì bí ní ọ̀rúndún yẹn. Wọ́n gòkè.

"Báyìí ni àwọn ènìyàn ń pa ìtàn náà. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tún ní òmíràn: pé àwọn Ọmọ Ìtàkùn ló tan àwọn jẹ, pé wọ́n mọ̀ pé atẹ́gùn máa fẹ́ nígbà tí wọ́n fi èéfín ṣe ààlà. Ogójì ìran ènìyàn ti kọjá, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí. Àwọn Ọmọ Ìtàkùn kì í jiyàn. Obìnrin tó wà lẹ́nu òkìtì ọjọ́ yẹn ṣì wà láàyè. Gbogbo wọn ló mọ ilé rẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ́n ń gbé eégún jáde níwájú rẹ̀, wọ́n ń jó kí inú rẹ̀ lè yọ́, kí ó lè sọ bóyá òun mọ̀ nípa atẹ́gùn. Kò tíì la ẹnu."

Òkú ẹ̀gbọ́n akọni Àbíkẹ́, ẹsẹ̀ òkìtì yẹn ni wọ́n máa gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́ ogún ọdún bẹ̀rẹ̀.

Àbíkẹ́ Pọ́bẹ̀ (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Ẹtì, 11:50 alẹ́

Akọni mi á jókòó sí ẹsẹ̀ òkìtì náà. Kò ní tẹ̀ lé àwọn tó kù lọ sójú ogun. Ẹ jẹ́ kí n ṣe ìyẹn lọ́la.

Ìyá Ìbejì Wàǹdó (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Sátidé, 6:02 àárọ̀

Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kà á. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù mí kù. Gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀ ti gòkè, òun nìkan ló kù sílẹ̀ lẹ́nu òkìtì. Ta ló ń fún un lóúnjẹ?

Akọ̀wé Akóró (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Sátidé, 6:40 àárọ̀

Màmá, n kò rò ó débẹ̀ rí, àfi bí ẹ ṣe béèrè. Ìdílé kan ni, láàárín àwọn ènìyàn. Ìdílé ẹni tó na ọwọ́ gba iná ní ọjọ́ kìíní. Láti ìgbà yẹn, ọmọbìnrin kan nínú ìdílé náà ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní alaalẹ́, bí ó bá ti darúgbó, ọmọ rẹ̀ á gbà á. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìlú. Ó máa ń pe gbogbo wọn ní orúkọ ẹni àkọ́kọ́.

Ìyá Ìbejì Wàǹdó (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Sátidé, 6:43 àárọ̀

Kí ni orúkọ náà?

Akọ̀wé Akóró (Àjàṣẹ́), Ọjọ́ Sátidé, 6:51 àárọ̀

Yétúndé.